Odidi Owó Lọ́wọ́ Ruuskala

Pàá! Pàá!

Eemeli Lampela, ẹ̀ṣọ́ báńkì, ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. Ìbọn rẹ̀ ṣì wà léjìká. Kò ráyè sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Ẹ dojú bolẹ̀! Ẹni tó bá mira, màá rán an tẹ̀lé e!"

Arvi Ruuskala ló ń pariwo. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni, ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1945. Àmọ́ ilẹ̀ ti ṣú. Nígbà òtútù ní àríwá Finland, ọ̀sán kì í pẹ́ lójú ọ̀run.

Arvi fẹnu ko eyín béárì tó so mọ́ ọrùn. Ìyá ìyá rẹ̀ ló fún un. Ó gbé e lọ sógun, ọta kan ò bà á.

Àpò méjì kún fún owó bébà ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún máàkì, owó ilẹ̀ Finland.

"Oiva! Ṣé iná ti mú?"

"Ó ti mú, ọ̀gá! Ẹ fò wọlé!" Oiva, awakọ̀ rẹ̀, ké láti inú ọkọ̀.

Pùtù-pùtù-pùtù! Lọ́ọ̀rì wọn kì í mu epo. Ta ló rí epo rà látìgbà ogun? Igi wẹ́wẹ́ ló ń jó nínú àgbá ẹ̀yìn rẹ̀, èéfín igi náà ló ń yí ẹ́ńjìnnì.

Wọ́n sùn sí ahéré agégi nínú igbó. Kò sí rédíò níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ti bàjẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, rédíò ka àṣẹ láti Helsinki. Ogun ti mú kí owó pọ̀ nílùú, ọjà ò sì sí. Kí kálukú mú àlùmágàjí! Kí wọ́n gé owó ńláńlá, láti ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta máàkì lọ sókè, sí méjì. Apá òsì ni wọn ó máa ná, ní ìdajì iye rẹ̀. Apá ọ̀tún, ìjọba yá a. Kí wọ́n kó o lọ sí báńkì.

Ṣẹ́kẹ́! Ṣẹ́kẹ́! Bí gbogbo ilé ṣe ṣọdún nìyẹn.

Vilho Lampela, ọlọ́pàá àgbègbè náà, kò gé nǹkan kan. Àbúrò rẹ̀ ni Eemeli. Ó jókòó ti òkú, ó ń ronú. Odò ti dì gbagidi. Sweden wà lódìkejì. Bí Ruuskala, tí àwọn ará báńkì ti dá mọ̀, bá kọjá, ó parí.

Ó gbé tẹlifóònù. Ó pe gbogbo àwọn tó ń ta igi lẹ́bàá odò.

"Lọ́ọ̀rì yẹn gbọ́dọ̀ jẹun kó tó kọjá. Ẹni tó bá mú odidi owó wá, inú igbó ló sùn. Ẹ pè mí."

Lọ́jọ́ kejì, Arvi àti Oiva já sí ṣọ́ọ̀bù igi ìyá àgbà Hilja Matero.

"Mámà, ẹ kú ọdún! Àpò igi mẹ́rin. Kíá!" Arvi wí.

Hilja wo owó náà. Odidi ni.

"Ọmọ mi, níbo lo ti ṣọdún?"

"Nílé ìyàwó mi. Ṣé ẹ̀yin náà ń wá ọkọ ni?"

"Mo ń wá. Àmọ́ mi ò wá irú yín."

Oiva bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ mú ṣéńjì, Mámà. Ẹ fi ra eyín!"

Hilja ò bínú. Ó mú wọn lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí yìnyín òrùlé ti ń já bọ́ sórí àpò.

"Igi yìí mà wúwo," Oiva wí.

"Igi tó dáa máa ń wúwo."

"Má bá a jiyàn!" Arvi jágbe mọ́ Oiva. "Kó o sọ́kọ̀!"

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí Hilja ti di tẹlifóònù mú.

Pùtù-pùtù... pù... pù... fùùù.

Láàárín odò tó dì gan-an ni lọ́ọ̀rì kú sí! Wọ́n ń wo iná Sweden níwájú.

"Kí ló ṣe é?"

"Igi yẹn tutù, ọ̀gá! Omi ló wà nínú ẹ̀!"

"Ìyá burúkú!"

Ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀! Ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀! Vilho ń bọ̀, òun àti ọlọ́pàá kan, lórí pákó gígùn tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín.

"Ruuskala! Ju ìbọn sílẹ̀!"

"Wá gbà á! Ọta àwọn ará Rọ́ṣíà ò rí mi, ṣé tìẹ ló máa rí mi?"

Pàá! Pàá-pàá!

Oiva dojú bolẹ̀, ó nawọ́ méjèèjì. Vilho kúnlẹ̀. Ó yìnbọn lẹ́ẹ̀kan.

Gbòà!

Arvi di ikùn mú. Ó di eyín béárì náà mú pẹ̀lú. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń rú èéfín lórí yìnyín.

"Ta... ta ló tú àṣírí wa?"

Vilho gba owó kan lọ́wọ́ ọlọ́pàá kejì, ó nà án sí i lójú. Ìdajì ni.

"Gbogbo ìlú ti gé tiwọn, odidi ni tìrẹ. O pa àbúrò mi nítorí owó tó di ìdajì kí ilẹ̀ tó mọ́."

Arvi fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó kú sórí yìnyín.

Eyín béárì náà ò fọ́, kò sì ṣe nǹkan kan. Eyín ni.

Nírọ̀lẹ́, Vilho lọ sọ́dọ̀ Saimi, ìyàwó Eemeli. Nínú àpò kóòtù olóògbé, wọ́n rí ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta máàkì kan. Odidi.

"Ṣé a gbọ́dọ̀ gé ti òkú náà, Vilho?"

"Òfin ni, ìyàwó wa."

Saimi na àlùmágàjí sí i. Vilho gbà á.

Ṣẹ́kẹ́.

Ó fún Saimi ní apá òsì. Apá ọ̀tún ni ẹ̀jẹ̀ wà. Ó fi í sínú àpòòwé, ó kọ orúkọ Eemeli sí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé e lọ sí báńkì.