Ògiri Rùkáyàt, Òrùlé Adéníran

Kúlà oúnjẹ ni Rùkáyàt kọ́kọ́ rí kó tó rí ẹni tó gbé e. Kúlà aláwọ̀ búlúù ni, irú èyí tí àwọn màmá máa ń fi gbé ìrẹsì lọ sóde, ọ̀dọ́kùnrin gíga kan sì gbá a mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ jòjòló, ó ń gba inú eruku ọyẹ́ bọ̀ láti ojú títì Ìgbó-Ọrà. Eruku ti kun irun rẹ̀ àti bàtà rẹ̀, ṣùgbọ́n ara kúlà mọ́ tónítóní. Ó jọ pé ó ti ń nù ún bọ̀ láti inú ọkọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀yin ni Síṣítà Rùkáyàt tó ń fi kọ̀ǹpútà ya ilé?"

Rùkáyàt ní òun ni, ó sì fi kún un pé àwọn kì í ra oúnjẹ lọ́wọ́ akirità ní ṣọ́ọ̀bù òun. Ọ̀dọ́kùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ṣí ìdérí. Kò sí ìrẹsì níbẹ̀. Díìsì kọ̀ǹpútà ló tò sórí aṣọ funfun kan. Ọdún 1997 nìyẹn, díìsì pẹlẹbẹ báyẹn la fi ń gbé iṣẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, eruku díẹ̀ sì tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ó ní Adéníran lorúkọ òun, tíṣà ni òun ní Èrúwà, kápíńtà sì ni bàbá òun kó tó kú. Àwọn ará Ìdèrè tó ń kọ́ ilé ìgbẹ̀bí ló rán òun wá. Rùkáyàt ni wọ́n ní kó ya ògiri, òun ni wọ́n ní kó ya òrùlé. Alájì Gàníyù, bàbá Rùkáyàt, ọ̀gá bíríkìlà tí wọ́n mọ̀ dé Tápà àti Ayétẹ̀, ló ń mọ ilé náà. Òun wá gba àwòrán ògiri, kí òun lè gbé òrùlé lé e.

Ká má purọ́, ìka ọwọ́ rẹ̀ ni Rùkáyàt ń wò bó ṣe ń yọ díìsì. Ìka gígùn ni, ó sì ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ mú nǹkan. Rùkáyàt da àwòrán náà sínú díìsì fún un, ó wá ń bínú sí ara rẹ̀ pé iṣẹ́ náà tètè parí.

Kò mọ̀ pé kò parí. Ọjọ́ kejì, kúlà tún dé. Fáìlì àwòrán náà kọ̀, kò ṣí lórí kọ̀ǹpútà Adéníran. Rùkáyàt bi í pé ètò ìyàwòrán wo ló ń lò, ó ní ọ̀kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé ìròyìn òyìnbó kan ni, tí ẹ̀gbọ́n òun mú bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀fẹ́ ni.

"Ọ̀fẹ́? Nǹkan ọ̀fẹ́ lẹ fẹ́ fi bo orí àwọn aboyún?"

"Ọ̀fẹ́ ni atẹ́gùn náà, Síṣítà, gbogbo wa la sì ń mí i."

Ètò ti Rùkáyàt, olówó iyebíye ni. Ayàwòrán-ilé kan tí Rùkáyàt ti bá ṣiṣẹ́ rí n'Íbàdàn ló fi í sílẹ̀ fún un pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àlòkù. Ètò náà gbọ́n. Bí o bá fi ya ògiri, ó mọ̀ pé ògiri ni. Ó mọ bó ṣe nípọn tó, ó mọ ibi tí fèrèsé wà, ó tilẹ̀ lè sọ iye búlọ́ọ̀kù tí yóò gbà. Ètò ti Adéníran kò mọ̀ ju ìlà lọ.

Àmọ́ Adéníran mọ ohun kan tí Rùkáyàt kò mọ̀. Ó ní ètò kọ̀ọ̀kan ló ní èdè ilé rẹ̀ tó fi ń pa fáìlì mọ́, tí ètò mìíràn kì í gbọ́, ṣùgbọ́n èdè kan wà bí èdè ọjà, gbogbo wọn ló gbọ́ ọ. Kí Rùkáyàt fi èdè ọjà pa èyí tó fẹ́ fi ránṣẹ́ mọ́, kó sì tọ́jú ti ilé náà síbẹ̀, nítorí ohun tó bá já bọ́ lójú ọ̀nà, ilé la ó ti lọ wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ láti fi ibi tí yóò tẹ̀ hàn án. Òórùn ọṣẹ ń ti ara ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá. Rùkáyàt ní kó tún ibẹ̀ fi han òun, bẹ́ẹ̀ ó ti yé e.

Láti ọjọ́ náà ni díìsì ti ń rìn láàárín Ìgbó-Ọrà àti Èrúwà. Bí Adéníran ò bá ráyè wá, a fi rán Òjó tó ń wa ọkọ̀ ojú ọ̀nà náà. Orúkọ fáìlì nígbà yẹn kì í ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ. Nígbà tí Rùkáyàt tún ògiri yà, tí ó ń wá orúkọ tí yóò sọ fáìlì, ADENIRAN ló tẹ̀, ó sì yára gbé díìsì fún Òjó kí ojú má bàa tì í. Díìsì padà dé. Òrùlé ló wà nínú rẹ̀, OLOLUFE sì lorúkọ rẹ̀. Oníbàárà kan tó wá tẹ ìwé ìsìnkú ń bá a sọ̀rọ̀, kò gbọ́ ọ̀kankan.

Nígbà tí Adéníran fúnra rẹ̀ dé, Rùkáyàt kò jẹ́ kó jókòó.

"Tíṣà, irú òrùlé wo ló ń jẹ́ olólùfẹ́?"

"Èyí tó fẹ́ bo ògiri ni."

"Ẹ ò tíì bi ògiri bóyá ó gbà."

"Mo wá bi í ni. Rùkáyàt, mo fẹ́ fi ọ́ ṣaya. Ṣé o gbà?"

Rùkáyàt fi ìbòrí bo ojú, ó ní òun gbà.

Alájì Gàníyù ní tirẹ̀ kò gbà. Kì í ṣe ènìyàn líle, ẹ má ṣì í gbọ́. Ọkùnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ mọ́ṣáláṣí àdúgbò rẹ̀ ni, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló sì bí. Ó pe Rùkáyàt sí ẹ̀gbẹ́ ẹní ìrun, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo mọ̀ wọ́n. Wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n á sì gba ìrun lọ́wọ́ ọmọ mi." Ní Èrúwà náà, Salome, ìyá Adéníran, díkónẹ́ẹ̀sì tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, ti bi ọmọ rẹ̀ bóyá gbogbo ọmọbìnrin inú ẹgbẹ́ akọrin ló ti lọ́kọ tán.

Àwọn mìíràn ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, tàbí kí wọ́n kó ẹrù. Rùkáyàt kò ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì.

"Bàbá, n kò ní bá a sá lọ, n kò sì ní fi í sílẹ̀," ló sọ. "Ẹnu yín lẹ máa fi sọ pé kí n máa lọ."

Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Hàlímọ̀, mi orí, ó ní bí ọmọ náà ṣe jọ bàbá rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dúró nìyẹn tí ọjọ́ gbígbé igi òrùlé fi pé ní Ìdèrè. Àwọn kápíńtà ti kan igi pọ̀ sílẹ̀ bí àwòrán Adéníran ṣe wí. Wọ́n gbé àkọ́kọ́ gòkè, kò kan ògiri. Bí apá ọ̀tún bá jókòó, apá òsì a rọ̀ sófo. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu àwọn lébìrà.

Alájì Gàníyù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tí kò lè wọn ilé tó dúró sójú kan, òun ló fẹ́ wá gbé ọmọ òun lọ. Adéníran wo ògiri, ó wo àwòrán ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo ògiri. "Àṣìṣe mi ni, Alájì," ó wí. "Èmi ni n ó tún un ṣe." Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó mú ayùn.

Hàlímọ̀ tó gbé omi lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ló mú ìròyìn náà délé. Ó dun Rùkáyàt wọ egungun, ṣùgbọ́n kò gbà á gbọ́. Ó tan jẹnẹrétọ̀, ó ṣí fáìlì èdè ilé, ó sì ṣí èyí tó fi ránṣẹ́. Nínú ti ilé, ògiri nípọn bó ṣe yẹ. Nínú ti ọjà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló kù níbi tí ògiri wà. Nígbà náà ló di orí mú. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìdèrè lọ́gán.

Ó bá Adéníran lórí ògiri, ó ń kan igi kún ẹsẹ̀ àwọn tó kúrú. Kò tíì bá a sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí, lójú gbogbo wọn.

"Bàbá, ta ló kọ́ mi bí a ṣe ń wọn yàrá?"

"Èmi ni."

"Inú ni ẹ kọ́ mi láti máa wọ̀n, àbí ìta?"

"Inú. Ṣebí inú lèèyàn ń gbé."

"Inú náà ni mo wọ̀n. Nígbà tí fáìlì ń lọ, sísanra ògiri já bọ́, ìlà inú ló dé ọwọ́ rẹ̀. N kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé inú ni. Ọmọ kápíńtà sì ni, ìta ni kápíńtà ń wọ̀n, torí orí ògiri ni igi ń jókòó. Kò bi mí, èmi náà kò sọ. Àwa méjèèjì la jọ ṣì í, Bàbá, kì í ṣe òun nìkan."

Alájì gbé ojú sókè. Ó bi Adéníran bóyá ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Adéníran ní òun ti mọ̀ láti ìgbà tí òun ti wo ògiri.

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ni, Alájì. Ọmọ yín sì ni."

Alájì jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan. Gbogbo ìgbà tó fi ń mọlé, kò tíì rí kápíńtà kan tó gbé ẹ̀bi bíríkìlà kí ojú má bàa ti bíríkìlà. Ó ní kí Adéníran sọ̀kalẹ̀ wá.

"Èmi náà ti ṣe irú èyí tí ẹ ṣe," ó wí. "Mo ti ń sọ kiri ilé ohun tí o máa ṣe fún ọmọ mi, n kò sì bi ọ́ rí. Mo wá bi ọ́ báyìí. Bó bá délé rẹ, ìrun rẹ̀ ńkọ́?"

"Yóò máa kírun, Alájì. Bí mo bá wà nílé, èmi ni n ó máa bu omi àlùwàlá sínú bútà rẹ̀. Èmi náà á máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mi. N kò ní purọ́ fún yín pé n ó yí padà, n kò sì ní ní kó yí padà."

"Ìwọ lo sọ ìyẹn. Ìyá rẹ ńkọ́?"

Adéníran ní òun kò lè fi ẹnu ìyá òun sọ̀rọ̀. Ìdáhùn yẹn wọ Alájì lára ju gbogbo ìyókù lọ, bẹ́ẹ̀ òun náà ló dẹ́rù ba Rùkáyàt jù.

"Kí àwọn èèyàn rẹ má wá lọ́jọ́ Jímọ̀," Alájì wí, ó ń gbọn eruku aṣọ rẹ̀ dànù. "N kò sì ní pè wọ́n lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Kí wọ́n wá lọ́jọ́ Sátidé."

Òrùlé ilé ìgbẹ̀bí Ìdèrè jókòó dáadáa nígbẹ̀yìn. Láti ìgbà náà, fáìlì kankan kì í kúrò lọ́wọ́ àwọn méjèèjì láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sí i bóyá inú tàbí ìta ni ìlà wà. Wọ́n á tún ya búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo sí igun, wọ́n á kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i, kí ẹni tó bá ṣí i lè fi í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan súnkì lójú ọ̀nà.

Àwọn ará Èrúwà wá ní Sátidé náà, wọ́n tọrọ, wọ́n sì gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n Salome kò sọ ju "ẹ kú ilé" lọ, títí ọjọ́ ìdáná fi pé.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n to ẹrù sílẹ̀: iṣu, oyin, orógbó, iyọ̀, àádùn. Obìnrin tó ń darí ètò ní kí ìyàwó mú ohun kan ṣoṣo tó wù ú jù níbẹ̀. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé Bíbélì ni ìyàwó onígbàgbọ́ ń mú, òun ni òrùka máa ń wà lára rẹ̀. Rùkáyàt rí ìwé kan tí wọ́n fi aṣọ funfun wé láàárín ẹrù. Bó bá mú un, ojú bàbá rẹ̀ ń wò ó. Bí kò bá mú un, ojú ìyá ọkọ ń wò ó. Ó wo Adéníran, òun náà kò mọ ohun tó wà nínú aṣọ.

Ó mú un. Ó tú aṣọ náà. Àlùkùránì ni, òrùka wà lórí rẹ̀, wọ́n fi òwú funfun so ó.

Salome dìde ní àyè rẹ̀.

"Èmi ni mo lọ rà á," ó wí. "Alfa tó ń tà á ní kí n fọ ọwọ́ kí n tó gbà á, mo sì fọ̀ ọ́. Ilé mi lò ń bọ̀, ọmọ mi. Mú un dání wá."

Rùkáyàt kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé náà ní àyà. Alájì Gàníyù ṣí fìlà, ó fi nu ojú, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni pé ẹkún lòun ń sun.