Bàbá Àjọkẹ́ Wádìí Dé Kétu

Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ló tò sẹ́yìn àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin nínú ọgbà ààfin Ẹ̀fọ̀n Aláayè ní àárọ̀ Sátidé ọjọ́ náà. Ó ga ju gbogbo wọn lọ, ó gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ bí àwọn yòókù ti ṣe, ó sì tẹ́tí sí ìtàn àwọn ère ara ilẹ̀kùn tí olùkọ́ wọn ń sọ.

Àjọkẹ́ ni olùkọ́ náà. Láti Ìjerò ló ti kó àwọn ọmọ wá, kò sì rántí pé òun kó baba ẹnikẹ́ni mọ́ wọn.

"Ìwọ tó wà lẹ́yìn yẹn, kíláàsì wo lo wà?"

"Ẹ má bínú, Tíṣà," ni ọkùnrin náà fèsì. "Ìtàn yín ló dùn tí mo fi gbàgbé pé mo ti dàgbà."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Àjọkẹ́ fẹ́ le ojú, ojú kọ̀, kò le. Ká má parọ́, ọkùnrin náà dára lọ́mọkùnrin.

Ìbíkúnlé lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Kétu ni, lábẹ́ ìjọba Kútọnu, níbi tó jẹ́ pé Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ níwèé láti kékeré. Nígbà tí Èkìtì ṣì wà nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló wá sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kan ní Ìjerò, kó lè mọ bí a ṣe ń kọ èdè tí ìyá rẹ̀ ń sọ sílẹ̀. Ọdún kan péré ni wọ́n fún un. Nítorí náà, bí Sátidé bá ti mọ́, á wọ mọ́tò, ó di ìlú àtijọ́ kan. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á padà.

Láti ọjọ́ Ẹ̀fọ̀n, kò dá lọ mọ́. Wọ́n jọ gun òkè ní Òkèmèsí, àwọn àgbà ibẹ̀ sì sọ ìtàn ogun fún wọn títí ebi fi ń pa wọ́n. Wọ́n jọ jẹ àgbàdo sísun ní Aramọkọ. Ní Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná ti pàdé omi tútù, Ìbíkúnlé ki ẹsẹ̀ kan bọ ọ̀kan, ó ki èkejì bọ èkejì, ó ní òun kò kúrò níbẹ̀ mọ́ àfi bí Àjọkẹ́ bá gbà láti fẹ́ òun.

"Dúró síbẹ̀ nígbà náà. Mọ́tò ti fẹ́ lọ."

"Àjọkẹ́ mi, ìfẹ́ mi, ṣé wàá fi mí sílẹ̀ fún ẹja?"

"Ẹja wo ló fẹ́ jẹ onírùngbọ̀n? Jáde, jọ̀ọ́. Mo gbà."

Ó sọ ọ́ tán kó tó mọ̀ pé òun ti sọ ọ́. Inú rẹ̀ dùn dé gongo.

Inú Ògúntóyìn, bàbá rẹ̀, kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ ni, ó ń bọ Ògún, ó sì fẹ́ràn ọmọ yìí ju gbogbo oko kòkó rẹ̀ lọ. Bí ọmọkùnrin Ìjurìn tàbí ti ìlú Ara nítòsí bá wá tọrọ ọmọ ní Ìjerò, ẹnì kan nínú ẹbí á ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra iṣu, á gba ìlú ọmọ náà lọ, á fọgbọ́n bi àwọn aládùúgbò: ṣé wọn kì í ya wèrè nílé yẹn? Ṣé wọn kì í jalè? Ṣé ìyàwó wọn ń gbádùn? Ìgbà tó bá dé ni wọ́n á tó fèsì.

"Ta ni mo fẹ́ bi ní ìlú àwọn Faransé?" ni Ògúntóyìn wí. "Ọma dáadáa ni, mo rí i. Ṣùgbọ́n n kò lè fi ọma mi fún ẹni tí n kò m'ulé ẹ̀."

Àjọkẹ́ sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ọdún ẹ̀kọ́ ti ń parí lọ, Ìbíkúnlé máa tó padà. Kò lè fẹ́ ọkọ tí bàbá rẹ̀ kò súre fún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọkùnrin mìíràn tó wù ú.

Ìbíkúnlé ló lọ dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, gbogbo ìlú yín ni mo ti dé. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí tèmi. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá wù yín."

Ọ̀rọ̀ náà wọ bàbá létí. Ó wọ agbádá, ó sì di iṣu sápò, torí kò dá a lójú pé wọ́n ń jẹ iṣu lọ́hùn-ún. Àwọn méjèèjì gba Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta lọ, wọ́n kọjá bodè. Àjọkẹ́ dúró sílé, ó ń ka ọjọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí bàbá rí ní agboolé wọn ni ojúbọ Ògún pẹ̀lú màrìwò tútù. Èkejì ni òkìtì iṣu tó ga jù ú lọ. Àwọn ọmọ ilé dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, wọ́n kí i ní èdè tó gbọ́. Lọ́jọ́ kejì ó bọ́ sí àdúgbò, ó ní òun fẹ́ ra uṣu. Gbogbo wọn ti mọ ohun tó wá ṣe, torí báyìí náà ni àwọn ṣe ń wádìí ilé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dá a lóhùn: ilé ire ni.

Bàbá padà sí agboolé náà pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó fẹ́ lanu sọ pé òun ti gbà, ni ìyá Ìbíkúnlé bá jókòó síwájú rẹ̀.

"Ẹ ti bi àwọn èèyàn wa tán, Bàbá. Ta ni àwa fẹ́ bi nípa tiyín? Èmi náà ò fẹ́ kí ọmọ mi há sílé tí mi ò mọ̀."

Ògúntóyìn wò yíká. Nínú gbogbo ìlú náà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, àfi ẹnì kan.

"Ẹ bi Ìbíkúnlé."

"Ìfẹ́ ti fọ́ ojú ẹni tó ń tọrọ ìyàwó. Ẹ̀rí rẹ̀ kò tó."

"Kì í ṣe ọkọ ìyàwó ni mo ní kí ẹ bi," ni bàbá wí. "Ọma ulé mi ni mo ní kí ẹ bi."

Ìbíkúnlé kúnlẹ̀ ti ìyá rẹ̀. "Ìyá, ibà dá mi dùbúlẹ̀ lẹ́yìn tí Bàbá ti kọ̀ mí. Bàbá kan náà ló gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ wọn lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ń bú mi dé ẹnu ọ̀nà, wọn ò sì lọ títí mo fi jẹun."

Ìyá yíjú sí àgbẹ̀ Ìjerò náà. "Ẹni tó ń búni tó tún ń tọ́jú ẹni," ló wí, "ẹbí ni. Ọmọ yín ti di tiwa."

Ẹ̀gbẹ́ títì ni Àjọkẹ́ ti ń retí wọn nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Ìjerò. Kò tilẹ̀ rántí kúnlẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ wádìí wọn? Kí ni wọ́n wí?"

"Àwa ni wọ́n wádìí o," ni Ògúntóyìn fèsì. "Ọpẹ́lọpẹ́ ọkọ rẹ."