Ìwé Tí Ọmọ Aránṣọ Fi Pamọ́

"Ta ló yan irú ajá yìí fún yín?"

Inú ń bí dókítà ẹranko, kò sì fi pamọ́. Ó ń da omi sí ikùn Gìrìpá, ajá ràgàjì tó nà gbalaja lórí tábìlì, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Orí òkè olótùútù ni wọ́n ti ń sin irú èyí. Iṣẹ́ ló ń ṣe níbẹ̀: ó ń ṣọ́ àgùntàn, ó ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ẹ wá so ó mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ onípáànù lọ́sàn-án gangan. Ṣé ẹ fẹ́ sè é ni?"

"Èmi ni mo rà á," ni aránṣọ dáhùn. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, torí eré ló sá gbé ajá náà wá. "Wọ́n ní kò gba wàhálà."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Òun gan-an ni "wọ́n" tí bàbá rẹ̀ ń wí.

Oṣù méje sẹ́yìn, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń fi àwòrán ajá ilé wọn yangàn lórí fóònù. Òun náà fẹ́ yangàn. Ó yọ bàbá rẹ̀ lẹ́nu títí, ó ní òun á máa mú ajá rìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ mú un, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ajá, ẹni tó tà á kọ gbogbo ohun tó nílò sínú ìwé kan: ọgbà gbalasa, ibi tútù, iṣẹ́ ojoojúmọ́. Aránṣọ kò mú awò ojú rẹ̀ dání, ó ní kí ọmọ òun kà á. Ọmọbìnrin náà kà á tán sínú, ó rántí yàrá méjì tí wọ́n ń gbé, ó sì ní, "Wọ́n ní kò gba wàhálà." Ó ká ìwé náà mọ́ inú ìwé ìṣirò rẹ̀.

Ẹ wo aránṣọ tó máa ń fi aṣọ sílẹ̀ nínú ìṣẹ́tí yunifọ́ọ̀mù torí ọmọ á dàgbà. Kò rántí fi àyè sílẹ̀ fún ajá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ọmọ yìí fi mú ajá rìn. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, ìyá rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé, "Oòrùn máa ń wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní aago méjì. Tó o bá ti dé láti ilé ìwé, tú ajá rẹ."

"Mo ti gbọ́, mà."

Aago méjì lù, ó wà nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó ń fi àwòrán Gìrìpá han àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá pè é pé ajá rẹ̀ ti dákú.

"Ẹ̀bi mi ni," ni aránṣọ tún ń sọ fún dókítà. Ara ọmọ rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó ṣí báàgì ilé ìwé rẹ̀, ó fa ìwé ẹni tó ta ajá yọ láti inú ìwé ìṣirò.

"Bàbá, irọ́ ni mo pa fún yín."

Aránṣọ fi awò sójú, ó kà á, ó tún un kà.

"Oṣù méje lo fi ń wò mí níran," ó ní. "Mo ń pe ẹranko yìí ní olóríkunkun. Mo nà án torí pé ó ń ké. Ooru ló ń mú un ké, o sì mọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Má bẹ̀ mí. Ẹni tó o ṣẹ̀ ló wà lórí tábìlì yẹn. Òun ni kó o bẹ̀, tó bá gbọ́ èdè."

Gìrìpá kò kú. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, dókítà bá wọn rí darandaran kan tó ń gbé lórí òkè. Bàbá ọmọbìnrin náà ní òun kò ní fọwọ́ kan okùn ajá náà. "Ìwọ lo yàn án, ìwọ lo máa fà á lé darandaran lọ́wọ́."

Ó fà á lé e lọ́wọ́. Atẹ́gùn tútù fẹ́ sí Gìrìpá nímú, ó gbọn ara, ó sì sáré lọ bá àwọn àgùntàn. Ọmọbìnrin náà pè é lẹ́ẹ̀mejì. Kò wẹ̀yìn.

Inú bí i sí ajá, ó bí i sí bàbá rẹ̀, ó bí i sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó délé, ó ti mọ ẹni tó yẹ kí inú bí òun sí. Ohun tó wu ojú lè má bá ilé mu, ẹ̀bi ohun náà sì kọ́. Ẹni tó bá sì fi irọ́ gba ohun ẹlẹ́mìí, ẹlẹ́mìí yẹn ló máa kọ́kọ́ jẹ ìyà irọ́ náà.