Fóònù Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbé

"Ṣé o ti pe ilé-iṣẹ́ omi?"

Ohùn Bàbá Kékeré ló wọlé láti yàrá kejì, níbi tó ti ń de táì mọ́rùn níwájú dígí. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kò gbójú sókè. Ọmọ ilé-ìwé girama ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá Kékeré. Láti ìgbà tó ti ń bá a tẹ ọ̀rọ̀ sójú ìkànnì ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ni bàbá náà ti sọ ọ́ ní Akọ̀wé, orúkọ yìí sì ti mọ́ ọn lára ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

"Mo ti pè wọ́n, sà," ló dáhùn.

Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ó pè wọ́n lóòótọ́. Fóònù dún títí, ẹnikẹ́ni kò gbé e, kò sì tún un pè.

Bébà kan wà lára ògiri lókè kọ̀ǹpútà náà: PE ẸNI TÍ Ọ̀RỌ̀ KÀN, GBỌ́ TẸNU RẸ̀, KÍ O TÓ GBÉ E JÁDE. Bàbá Kékeré, agbẹnusọ ẹgbẹ́ alátakò, ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ìjọba fẹ́ ṣòfin tí yóò máa fìyà jẹ ẹni tó bá gbé irọ́ sórí ayélujára, òṣìṣẹ́ ìjọba ni yóò sì máa pinnu ohun tó jẹ́ irọ́. Ẹgbẹ́ alátakò ní ó tì o. Wọ́n ní ẹni tó bá gba kọ́kọ́rọ́ ẹnu aráàlú lónìí kò ní dá a padà lọ́la. "Àwa fúnra wa la ó máa ṣọ́ ẹnu wa," ni Bàbá Kékeré máa ń wí, a sì tọ́ka sí bébà náà fún gbogbo àlejò, bí ẹni ń fi ọmọ tuntun hàn.

Rédíò, ọmọ kíláàsì Akọ̀wé tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ló fi àwòrán tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pe ilé-iṣẹ́ omi ránṣẹ́ sí i. Ọkùnrin kan wọ bàtà rọ́bà, ó fi nǹkan bo imú àti ẹnu, ó sì ń da nǹkan láti inú dúrọ́ọ̀mù sínú omi tí gbogbo ìlú ń mu.

"Májèlé ni!" ni Rédíò wí lórí fóònù. "Tètè gbé e kí ẹlòmíì tó gbà á mọ́ ẹ lọ́wọ́. Gbogbo ayé á mọ̀ ẹ́, ọ̀rẹ́ mi!"

Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ àwòrán náà: KÍ NI WỌ́N Ń DÀ SÍNÚ OMI WA? Ìbéèrè lásán ni, ó sọ fún ara rẹ̀. Ta ni ìbéèrè pa rí? Ó tẹ bọ́tìnnì. Kí Bàbá Kékeré tó de táì tán, ọ̀rọ̀ náà ti gba ìgboro kan, inú Akọ̀wé sì ń dùn ṣìnkìn.

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ ti fi àkísà di ẹnu ẹ̀rọ omi. Aránṣọ ni ìyá náà, etí rẹ̀ kì í sì di sí ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà. Kànga àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù, èyí tí wọ́n ti bò tipẹ́ nítorí pé omi rẹ̀ kò dára, ni gbogbo àdúgbò ṣí, tí wọ́n ń fa omi rẹ̀. Àbúrò Akọ̀wé, tí wọ́n ń pè ní Kò-sinmi nítorí pé kì í jókòó lójú kan, ti gbé ife omi kànga náà sẹ́nu.

Akọ̀wé sá wọ yàrá, ó tún nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ omi pè. Obìnrin kan gbé e lọ́tẹ̀ yìí.

"Májèlé kẹ̀? Oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi ni! Ojoojúmọ́ là ń dà á. Ó máa ń ta ni nímú, ìdí nìyẹn tí a fi ń bo imú. Ọmọ, ta ló rán yín níṣẹ́ yìí?"

Akọ̀wé pa ohun tó gbé síta rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn mìíràn ti gbé e, wọ́n ti fi iyọ̀ sí i, wọ́n ní òkú ti ń sùn.

"Màmá, wọ́n ní irọ́ ni o," ló wí.

"Ta ló ní irọ́ ni?" Ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára aṣọ tó ń rán. "Ìkànnì Bàbá Kékeré rẹ ló gbé e. Àwọn yẹn kì í sọ̀rọ̀ láìpe ẹni tọ́rọ̀ kàn."

Ó yẹ kó jẹ́wọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé ètè rẹ̀, ìtìjú dá a padà sọ́fun. Kò-sinmi tún bu omi mu.

Kò pẹ́ tí ìgbẹ́ gbuuru àti èébì fi dá Kò-sinmi dùbúlẹ̀. Nílé ìwòsàn, ọmọ tí kì í jókòó nà gbalaja bí aṣọ tí wọ́n sá, omi ń kán sí i lára láti inú rọ́bà. Ọmọ ìyá tó ń tún bàtà ṣe ládùúgbò wọn wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì. Ibi tí Akọ̀wé bá yíjú sí, ọmọ tó mu omi kànga ló ń rí.

Bàbá Kékeré yà síbẹ̀ nígbà tó ń lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

"Ẹgbẹ́ ní kí n sọ pé àwọn olè ló já ìkànnì wa gbà," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Akọ̀wé, ta lo bá sọ̀rọ̀ nílé-iṣẹ́ omi kí o tó gbé e?"

Akọ̀wé kúnlẹ̀. "Kò sẹ́ni tó gbé e, sà. Mi ò tún un pè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má parọ́ nítorí mi. Ọ̀kan tí mo pa ti tó."

Ìyá rẹ̀ gbọ́. Kò nà án, kò sì bú u; ó kàn yíjú sí ògiri, èyí sì dun Akọ̀wé ju pàṣán lọ.

Bàbá Kékeré sọ òótọ́ níwájú àwọn aṣòfin. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ lè ṣọ́ ẹnu ara yín dà?" ni wọ́n bi í. Òfin náà kọjá lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n sì ti ìkànnì ẹgbẹ́ pa.

Ara Kò-sinmi yá. Ọmọ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì kò padà sílé.

Nígbà tó yá, omi ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń rùn. Gbogbo àdúgbò rí i, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù òfin tuntun náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ síta. Akọ̀wé pe ilé-iṣẹ́ omi, ó ń pè títí obìnrin ìjelòó fi gbé e.

"Oògùn ti tán," lobìnrin náà sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ máa se omi yín. Má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o. Ìjọba ti ní irọ́ ni ẹnikẹ́ni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń pa." Ó pa fóònù.

Lọ́tẹ̀ yìí, Akọ̀wé gbọ́ tẹnu ẹni tọ́rọ̀ kàn, kò sì ríbi gbé e sí. Ó gbé omi kaná fún ìyá rẹ̀, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn ìyá tó ń tún bàtà ṣe.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ má mu omi ẹ̀rọ láìsè é."

Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ náà kọ́ lo sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn?" Ó ti ilẹ̀kùn.

Akọ̀wé dúró síbẹ̀. Ó wá yé e pé ẹni tí kò bá ṣọ́ ẹnu ara rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò bá a ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá sì fi ẹnu rẹ̀ tan irọ́ kálẹ̀ lónìí lè má rẹ́ni gba òótọ́ rẹ̀ gbọ́ lọ́la. Ó tún ilẹ̀kùn kàn. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Láti inú ilé, ó ń gbọ́ bí omi ẹ̀rọ ṣe ń dà sínú ife.