Ìtọ̀ Eku Lórí Tábìlì

Ìgò ìtọ̀ eku kan tí kò ní àkọlé ló pa wọ́n pọ̀. Ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ àyẹ̀wò ní ilé ìwádìí oògùn kan gbé e wọ yàrá àwọn eku, ó nà án sí olùtọ́jú wọn.

“Bàbá Eku, eku wo ló tọ èyí?”

“Ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n,” ọkùnrin náà dáhùn, ó sì yíjú sí àwọn kéèjì ní tòótọ́.

Ọmọbìnrin náà fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn, láàárín òórùn ìtọ̀. Ẹ má bi mí bóyá kò ríbòmíì gbà wọlé ni.

Wọ́n ń fún àwọn eku ní oògùn tó ń mú oríkèé wíwú rọlẹ̀, wọ́n sì ń wo bó ṣe ń jáde lára wọn. Ẹ̀dọ̀ eku á kọ́kọ́ so nǹkan mọ́ oògùn náà lára kí ó tó bá ìtọ̀ jáde. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá pẹ́ nínú ooru, ohun tí ẹ̀dọ̀ so á tú, oògùn á padà di bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, Bàbá Eku gbọ́dọ̀ yára gbé ìgò sínú yìnyín.

Ní ọjọ́ Ajé kan, bàbá ọmọbìnrin náà pe Bàbá Eku lórí fóònù. “Ìwọ tó ń gbé ìtọ̀ eku kiri lo fẹ́ fẹ́ ọmọ mi? Wá rí mi ní Sátidé.”

Ó fi ìgò ìtọ̀ tó fẹ́ gbé sínú yìnyín sílẹ̀, ó jáde. Ó ń rìn síwá sẹ́yìn lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ro ohun tí yóò sọ. Nígbà tó padà wọlé, ìgò mẹ́fà ṣì wà lórí tábìlì, wọ́n ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó sáré kó wọn sínú yìnyín, ó panu mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá pè wọ́n jọ. “Ẹ̀rọ ní bí oògùn ṣe wọlé ló ṣe jáde. Ṣé ẹ̀dọ̀ eku wa gba ìsinmi ni?” Ó kọjú sí ọmọbìnrin náà. “O ò mọ ẹ̀rọ yẹn lò. Palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́.”

“Ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yẹ̀ ẹ́ wò.”

Ẹ̀rù ba Bàbá Eku. Bó bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ti lọ, ojú wo ni yóò fi wo àna ní Sátidé? Bó bá dákẹ́, olólùfẹ́ rẹ̀ ni wọn ó lé. Inú kan ní kó sọ, inú kan ní kó má sọ.

“Ọ̀gá, èmi ni. Mo jẹ́ kí ìtọ̀ náà pẹ́ níta.”

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Ọmọbìnrin náà lé e bá lẹ́nu géètì, omijé ń dà lójú rẹ̀.

“Ọjọ́ mẹ́ta! Mo rò pé orí mi ló ti dàrú. Kí ló dé tó ò sọ fún mi?”

“Ẹ̀rù bà mí, àyànfẹ́ mi. Mi ò fẹ́ kí bàbá ẹ rí nǹkan sọ.”

“Wọ́n ti wá rí i báyìí.”

Ní Sátidé, bàbá náà bi í léèrè iṣẹ́.

“Mi ò níṣẹ́ mọ́, sà.” Ó sọ gbogbo rẹ̀.

“Ta ló tú ẹ fó?”

“Kò sẹ́ni tó mọ̀, sà. Èmi ni mo sọ.”

“Tó o bá dákẹ́ ńkọ́?”

“Ọmọ yín ni wọn ì bá lé.”

Bàbá náà yíjú sí ọmọ rẹ̀ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. “Ṣé o ṣì fẹ́ ẹ?”

“Inú ń bí mi sí i, bàbá.”

“Ìyẹn kọ́ ni mo bi ẹ́.”

“Mo fẹ́ ẹ, sà.”

“Ó dáa. Ẹ mú ọjọ́,” ó ní. “Ẹ jẹ́ kó jìnnà díẹ̀, kí ọkọ ẹ lè kọ́kọ́ ríṣẹ́.”