Ìdákẹ́ Sùlíyá Níwájú Àlùfáà

Pàṣán ni Sùlíyá mú dání lọ́jọ́ tí Nùréènì kọ́kọ́ rí i. Ọdún 1956 ni, ní ilé ẹ̀kọ́ Mùsùlùmí kan ní Agége. Àwọn ọmọ tó ń pariwo kiri pápá lásìkò eré a máa ya odi bí Sùlíyá, tíṣà wọn, bá ti ní kí wọ́n dìde sọ ìtàn ní èdè Yorùbá. Yorùbá tí wọ́n fi ń bú ara wọn náà ni o!

"Tíṣà, ẹ dákun, ẹ gbé pàṣán yẹn sílẹ̀," ni Nùréènì, tíṣà tuntun tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, wí lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ bi wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wọn láàárọ̀. Bí wọ́n bá ṣì í sọ, ẹ má já lu ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán ná."

Inú bí Sùlíyá. Ta ló pè é sí i? Síbẹ̀, ó gbìyànjú rẹ̀ wò. Ràbíátù, tí kì í lanu, dìde, ó ròyìn bí ewúrẹ́ ṣe jẹ búrẹ́dì ìyá rẹ̀. Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí. Ọjọ́ yẹn ni ìfẹ́ Nùréènì wọ Sùlíyá lọ́kàn.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi jọ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin lẹ́yìn iṣẹ́.

"Bàbá mi ń bọ̀ wá tọrọ rẹ lẹ́yìn ìkórè, ìdùnnú mi," ni Nùréènì wí.

"Ẹ jẹ́ kí n ti sọ fún Bàbá mi."

"Rárá o. Wọ́n á ní a ò lẹ́kọ̀ọ́. Dákẹ́, kí àwọn àgbà fẹnu ara wọn sọ ọ́."

Ìkórè kò tíì parí tí àwọn ará ilé Làsísì, oníbúrẹ́dì, fi gbéra wá tọrọ Sùlíyá. Wọ́n pè é jáde, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀ àti Àlùfáà.

"Ṣé o fẹ́ Làsísì?" ni bàbá rẹ̀ bi í. "Sọ tẹnu rẹ. N ò ní fi tipá fi ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Orúkọ Nùréènì ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Gbogbo ilé ń wò ó. Ojú tì í, ẹ̀rù bà á. Àlùfáà bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó bi í lẹ́ẹ̀kẹta. Omijé ń bọ́ sórí ẹní.

"Alihamudulilahi!" ni Àlùfáà wí. "Wúńdíá tó bá dákẹ́ ti gbà nìyẹn." Wọ́n ṣe àdúà.

Nígbà tí Nùréènì gbọ́, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kíláàsì.

"Ṣé wọ́n bi ọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Èmi ni mo ní kí o dákẹ́," ló wí. "Èmi ni, Sùlíyá." Kí wọ́n tó so yìgì, ó ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Sùlíyá ti wà nílé Làsísì, oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́rin, kó tó lè sọ òótọ́ nípa Nùréènì fún bàbá rẹ̀. Bàbá fọwọ́ lẹ́rán.

"Tíṣà tó máa ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní Jímọ̀ọ̀? Ọmọ mi, ǹ bá mà fún un. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ǹ bá fún un."

Sùlíyá tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó kí i pé ó dàbọ̀, ó sì gba ilé ọkọ rẹ̀ lọ.