Kólòbó Ìrántí Màmá Dọ́kásì

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Kólòbó ṣiṣẹ́, láti ọjọ́ náà kò sì sí ẹni tó tún gbà kí wọ́n gbé fìlà rẹ̀ lé òun lórí. Ẹ̀rọ kékeré ni, kò ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ, fìlà onírin méjì ló so mọ́ ọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bu ìrántí lọ́dọ̀ ẹni tó ní in, kó sì dà á sọ́dọ̀ ẹni tí tirẹ̀ ti gbẹ. Mọrẹ́nikẹ́jì, onímọ̀ ọpọlọ ní Ìtẹ́dó Bẹ́tẹ́lì, ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é nítorí Màmá Dọ́kásì, ìyá tó bí i.

Ní ìgbà náà, Ọlọ́run ti fún ọmọ ènìyàn ní ọgbọ́n débi pé wọ́n ń gbé lórí òṣùpá bí ẹni ń gbé Iléṣà. Abẹ́ òrùlé dígí ńlá kan ni gbogbo Bẹ́tẹ́lì wà. Kò sí afẹ́fẹ́ ní òde, nítorí náà ilẹ̀kùn pupa kan ló dúró láàárín ìyè àti ikú. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ilẹ̀kùn náà jẹ́ mọ́, òfin ní kí wọ́n dá a padà sí ilé ayé.

Ohun tó ń ba Mọrẹ́nikẹ́jì lẹ́rù nìyẹn. Ìgbìmọ̀ ìlú ti bá Màmá Dọ́kásì nídìí ilẹ̀kùn pupa, ó ru garawa, ó ní òun ń lọ sódò. Wọ́n ní kí ìsìn Ìkórè tó dé, àwọn yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá dáhùn dáadáa, ọkọ̀ òfuurufú tó ń bọ̀ ni yóò gbé e lọ, kò sì dájú pé ojú yóò tún rí ojú.

Síbẹ̀, ọpẹ́ ni fún Olúwa, ayọ̀ kò wọ́n nínú ilé náà. Nígbàkigbà tí ẹ̀rọ omi bá ta lẹ́yìn ògiri, tó ń dún ṣàà, Màmá á fò dìde.

"Òjò ń bọ̀ o! Ẹ kó aṣọ wọlé!"

Òjò kì í rọ̀ lórí òṣùpá. Ṣùgbọ́n Akínbọ̀dé, ọkọ Mọrẹ́nikẹ́jì, á sáré já gbogbo aṣọ tó wà lórí okùn inú yàrá.

"Ó ti ń pa mí o, Màmá! Etí fìlà mi ti tutù!"

"Ta ló ní kí o máa rìn bí ìyàwó ọ̀ṣìngín?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, Mọrẹ́nikẹ́jì á gbọ́ òjò àtijọ́ lórí páànù ilé wọn, òórùn àgbàdo sísun á dé imú rẹ̀. Á rí ìyá rẹ̀ tó ń wẹ̀ ẹ́ lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, tó ń fi oríkì rẹ̀ kọrin: Àwẹ̀ró. Ó ti pẹ́ tí Màmá ti pe orúkọ yẹn kẹ́yìn. "Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì" ló kù tó ń sọ fún ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí Alàgbà Sílà, àbúrò Màmá, gbọ́ nípa ẹ̀rọ náà, ó wá.

"Kí lo pè é?"

"Kólòbó, Bàbá. Ẹ rántí opó ìgbàanì, tí òróró inú kólòbó rẹ̀ kò gbẹ bó ti wù kó dà á tó. Bẹ́ẹ̀ ni ìrántí. Tí wọ́n bá tan àbẹ́là kan lára èkejì, ṣé iná ti àkọ́kọ́ dín kù ni?"

"Opó yẹn ní ọ̀rọ̀ wòlíì lọ́wọ́. Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ti dán an wò?"

"Mo ti ṣírò rẹ̀. Èyí tó jinlẹ̀ jù nínú ìrántí èmi àti Màámi ni gbòǹgbò. Bí a bá dá a padà, ìyókù á hù."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ìṣirò. Ẹ̀gbọ́n mi lo fẹ́ dé fìlà irin fún yìí! Jẹ́ ká máa gbàdúrà, kí ẹ sì máa kó aṣọ wọlé bí ẹ ṣe ń kó o."

"Àdúrà ni mo gbà tí mo fi ṣe é, Bàbá! Tí ìgbìmọ̀ bá gbé Màámi lọ, ta ni yóò máa bá wọn kó aṣọ wọlé níbẹ̀?"

Alàgbà ṣí fìlà, ó fọwọ́ pa orí.

"Kí Olúwa ṣàánú wa."

Ìyá àti ọmọ dé fìlà, wọ́n jókòó. Mọrẹ́nikẹ́jì di ojú, ó ro ti òjò, ó ro ti ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Kólòbó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó gbóná, èéfín yọ lára rẹ̀.

"Ṣé kí n pa á?" Akínbọ̀dé pariwo.

"Má pa á!"

Ẹ̀rọ náà gbọ̀n, ó dákẹ́. Màmá la ojú, ó wo ilé yíká.

"Akínbọ̀dé, ta ló jẹ́ kí ẹ̀wà jóná nínú ilé yìí?"

Àṣé ó ti rántí orúkọ ọkọ ọmọ rẹ̀! Alàgbà Sílà kúnlẹ̀, orin ọpẹ́ ló bọ́ sí i lẹ́nu.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ dé, wọ́n bi Màmá nípa ilẹ̀kùn pupa.

"Ikú ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé ẹ rò pé mo fẹ́ kú ni, nígbà tí mi ò tíì jẹ nínú ẹran Ìkórè?"

Ẹ̀rín ni wọ́n fi kúrò nílé náà. Bí wọ́n ti lọ tán, Màmá na ọwọ́ méjèèjì.

"Àwẹ̀ró!"

Mọrẹ́nikẹ́jì wẹ̀yìn wò.

"Àwẹ̀ró, ìwọ ni mò ń pè."

"Màámi, ta ni ń jẹ́ Àwẹ̀ró?"

Lẹ́yìn ògiri, ẹ̀rọ omi ta: ṣàà. Akínbọ̀dé fò dìde bó ti mọ́ ọn lára, "Òjò ń bọ̀!" Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ń wò ó bí ẹni ń wo àlejò.

"Òjò wo?"

Nígbà náà ni gbogbo wọn mọ ohun tí Kólòbó gbà lọ́wọ́ Mọrẹ́nikẹ́jì. Alàgbà Sílà jókòó wọ̀ọ̀, kò sọ pé òun ti wí bẹ́ẹ̀.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ lo fún mi?" Màmá béèrè.

"Mi ò mọ ohun tí mo fún yín, Màámi."

Màmá sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó bu omi sínú àwo, ó rẹ aṣọ sínú rẹ̀.

"Kò burú. Nígbà tí mo bí ọ, o ò mọ orúkọ yẹn náà. Èmi ni mo kọ́ ọ."

Ó nu ojú ọmọ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń fi oríkì náà kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń pe ọmọ ọwọ́.

"Ó yá, dìde. Òjò ń bọ̀."

"Òjò kì í rọ̀ lórí òṣùpá, Màámi."

"Mo mọ̀. Kó aṣọ wọlé."

Mọrẹ́nikẹ́jì dìde, ó ń já aṣọ kúrò lórí okùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rín ń pa á, kò sì mọ ìdí rẹ̀.